Ẹni tí Yóò Kọ́ Iṣẹ́ Nọ́ọ̀sì

Bí a bá bi ọmọ mẹ́wàá ní ilé-ẹ̀kọ́ gíga léèrè iṣẹ́ tí wọn yóò fẹ́ ṣe, kò ṣòro kí méjì tàbí mẹ́ta nínú wọn dáhùn pé iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni. Bí a bá sì tún bi wọ́n léèrè ìdí rẹ̀, èsì kan náà ni yóò ti ẹnu wọn jáde: pé àánú àwọn aláìsàn ń ṣe wọ́n. Èsì rere ni èyí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí kò ní àánú lójú kò gbọdọ̀ súnmọ́ ibùsùn aláìsàn rárá. Ṣùgbọ́n àánú kì í wọn oògùn, àánú kì í ka ìlù ọkàn, bẹ́ẹ̀ ni kì í dáhùn ìbéèrè nínú yàrá ìdánwò. Àánú a máa mú ènìyàn dé ẹnu-ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́ àwọn nọ́ọ̀sì. Ohun mìíràn ni yóò mú un jáde níbẹ̀ pẹ̀lú ìwé-ẹ̀rí lọ́wọ́.

Ní ilẹ̀ Nàìjíríà, kí ènìyàn tó lè wọ ilé-ẹ̀kọ́ yìí, ó gbọ́dọ̀ ti gba kírẹ́dìtì nínú ẹ̀kọ́ márùn-ún, èyí ni èdè Gẹ̀ẹ́sì, Ìṣirò, Bàọ́lọ́jì, Kẹ́mísírì àti Físíìsì, kò sì gbọdọ̀ ju ìjókòó ìdánwò méjì lọ. Ọ̀pọ̀ òbí ni ó rò pé nígbà tí ọmọ bá ti rí márààrún kó jọ, ogun ti parí nìyẹn. Ogun kò tí ì bẹ̀rẹ̀. Láti ìgbà pípẹ́ wá, ọ̀pọ̀ ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni ó ya oṣù mélòó kan àkọ́kọ́ sọ́tọ̀ fún ìdánniwò, àkókò tí àwọn nọ́ọ̀sì ń pè ní PTS. Nínú rẹ̀ ni a ti ń kọ́ nípa ẹ̀yà ara àti iṣẹ́ tí ẹ̀yà kọ̀ọ̀kan ń ṣe, nípa kòkòrò àrùn tí ojú lásán kò lè rí, nípa bí a ti ń tẹ́ ibùsùn tí aláìsàn sì wà lórí rẹ̀. Ẹni tí ó bá yege nínú ìdánwò tí ó kẹ́yìn rẹ̀ ni a ó dé ní fìlà funfun lójú òbí àti ojúlùmọ̀. Ẹni tí kò bá yege a di ẹrù rẹ̀, a padà sílé. Kì í ṣe pé àwọn tí ń padà sílé wọ̀nyí ya òpè. Púpọ̀ nínú wọn ni ó gbọ́n. Ohun tí ó ṣe wọ́n ni pé wọn kò mọ ohun tí ó ń bẹ níwájú kí wọ́n tó bá a pàdé.

Ìṣirò ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ mẹ́nu bà, nítorí pé òun ni àwọn tí ń fẹ́ iṣẹ́ yìí ń sá fún jù. Wọn a máa wí pé kí ni nọ́ọ̀sì fẹ́ fi ìṣirò ṣe. Kí a wo ọmọ ọwọ́ kan tí ara rẹ̀ gbóná, tí ìwọ̀n rẹ̀ sì jẹ́ kílò 8. Dókítà ní kí a fún un ní oògùn paracetamol, mílígíráàmù 15 fún kílò kọ̀ọ̀kan. Àpapọ̀ rẹ̀ jẹ́ mílígíráàmù 120. A kọ ọ́ sára ìgò oògùn olómi náà pé mílígíráàmù 120 ni ó wà nínú mílílítà 5. Nítorí náà, mílílítà 5 ni ọmọ náà yóò mu. Èyí rọrùn. Ṣùgbọ́n ní ọjọ́ kejì, ìgò mìíràn dé, oògùn mìíràn ni ó wà nínú rẹ̀, mílígíráàmù 125 ni ó wà nínú mílílítà 5 rẹ̀, 250 ni dókítà sì kọ. Nọ́ọ̀sì tí ó ti fi ojú sí mílílítà 5 àná yóò fún ọmọ náà ní ìdajì oògùn, àìsàn náà yóò sì máa jà lọ.

Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni omi tí a ń fà sí aláìsàn lára. Bí dókítà bá ní kí mílílítà 1000 wọ inú ara láàárín wákàtí 8, tí okùn tí a fi ń fà á sì ń kán ẹ̀kán 20 fún mílílítà kan, nọ́ọ̀sì ní láti sọ wákàtí 8 di ìṣẹ́jú 480, kí ó sọ mílílítà 1000 di ẹ̀kán 20,000, kí ó sì fi ọ̀kan pín èkejì. Ẹ̀kán 42 ní ìṣẹ́jú kan ni yóò rí, tàbí kí ó dín díẹ̀. Bí omi náà bá yára jù, ó lè kún inú ẹ̀dọ̀fóró arúgbó tí ọkàn rẹ̀ kò lágbára mọ́. Bí ó bá sì falẹ̀ jù, ẹni tí ẹ̀jẹ̀ ti dànù lára rẹ̀ kò ní rí ìrànwọ́ gbà. Àmì dẹ́símà kékeré tí ó sọnù láàárín òdo àti márùn-ún a máa sọ oògùn di ìlọ́po mẹ́wàá. Nínú ìwé ìdánwò, irú àṣìṣe bẹ́ẹ̀ a máa gba máàkì kan lọ́wọ́ ọmọ. Nínú wọ́ọ̀dù, ó lè gba ọmọ lọ́wọ́ ìyá rẹ̀.

Nítorí náà, ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ tí ó bá ní iṣẹ́ yìí lọ́kàn kò gbọdọ̀ dúró di ọjọ́ tí yóò wọ aṣọ funfun kí ó tó bá ìpín, ìsọdipúpọ̀, ìdá àti dẹ́símà rẹ́. Kí ó máa ṣe ìṣirò bíi márùn-ún lójúmọ́, láì lo ẹ̀rọ ìṣirò. Kí ó mọ̀ láìronú pé ẹgbẹ̀rún mílígíráàmù ni gíráàmù kan. Kí ó sì máa yẹ ìdáhùn rẹ̀ wò lẹ́ẹ̀kejì, kí ó bi ara rẹ̀ léèrè bóyá irú iye bẹ́ẹ̀ bójú mu. Ẹni tí ìṣirò rẹ̀ bá sọ fún un pé kí ó fún ọmọ ọwọ́ ní ife oògùn kan, ó yẹ kí ọkàn rẹ̀ ti fò kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan ìgò.

Lẹ́yìn ìṣirò ni orúkọ ẹ̀yà ara. Egungun tí ó wà lára àgbàlagbà jẹ́ 206, ọ̀kọ̀ọ̀kan ni ó sì ní orúkọ tirẹ̀. Àkọ́sórí nìkan kò lè gbé ẹrù yìí. Àwọn ọ̀rọ̀ náà, tí púpọ̀ wọn ti inú èdè Látìn àti ti Gíríìkì wá, ní ìdí àti ìparí bí àwọn orúkọ Yorùbá ti ní. Bí ènìyàn bá ti mọ̀ pé ọ̀rọ̀ tí ó parí sí “itis” ń tọ́ka sí ẹ̀yà tí ó gbóná tí ó sì wú, tonsillitis kò ní ṣe é ní kàyéfì, hepatitis tí í ṣe ti ẹ̀dọ̀ kò sì ní dẹ́rù bà á. Ara ọmọ náà fúnra rẹ̀ ni ìwé tí ó dára jù: kí ó fi ọwọ́ tọ egungun apá rẹ̀ nígbà tí ó bá ń wẹ̀, kí ó máa pè é lórúkọ. Kí ó ya àwòrán ọkàn sórí ìwé, kí ó sì ṣàlàyé rẹ̀ fún àbúrò rẹ̀. Ohun tí àbúrò kò bá yé, ẹ̀gbọ́n pẹ̀lú kò tí ì mọ̀ ọ́n tán.

Ilé ni a ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Ní ọdún 1847, ní ìlú Vienna ní ilẹ̀ Austria, dókítà kan tí ń jẹ́ Ignaz Semmelweis ṣàkíyèsí pé àwọn abiyamọ tí àwọn dókítà ń gbẹ̀bí fún ń kú ju àwọn tí ó wà lọ́wọ́ àwọn agbẹ̀bí obìnrin lọ. Ó wádìí, ó sì rí i pé àwọn dókítà náà a máa ti ibi tí wọ́n ti ń la òkú wá sọ́dọ̀ abiyamọ. Ó pàṣẹ kí gbogbo wọn máa fi omi tí a po oògùn apakòkòrò mọ́ fọ ọwọ́. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, nǹkan bí 18 nínú 100 abiyamọ ni ó kú ní wọ́ọ̀dù àwọn dókítà. Nígbà tí yóò fi di oṣù kẹfà, ó ti wálẹ̀ dé nǹkan bí 2. Síbẹ̀, ọ̀pọ̀ dókítà kò fẹ́ gbà á gbọ́, nítorí kò wù wọ́n láti gbọ́ pé ọwọ́ àwọn ni ó ń pànìyàn. Ọmọ tí ó ti mọ́ lára láti ilé láti fọ ọwọ́ kí ó tó bu oúnjẹ, láti gé èékánná, láti nu àbàtà ìgbẹ́ àbúrò rẹ̀ láìyínmú, ti kọ́ apá kan ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì kí ó tó rí ojú olùkọ́. Èyí tí ìyá rẹ̀ kò jẹ́ kí ó ṣe iṣẹ́ ilé nítorí ìwé, ìyá rẹ̀ kò ràn án lọ́wọ́.

Ọ̀rọ̀ ẹnu náà ńkọ́? Ní ilẹ̀ Yorùbá, kò sí ohun tí ó le fún ọmọ ogún ọdún bí kí a ní kí ó lọ wẹ bàbá ẹni àádọ́rin ọdún. Ojú ń ti ọmọ, ojú sì ń ti bàbá. Nọ́ọ̀sì tí ó bá wọlé láìkí i, tí ó ṣí aṣọ kúrò lára rẹ̀, tí ó sì ń pè é ní “Bẹ́ẹ̀dì 7”, ti ba iṣẹ́ jẹ́ kí ó tó bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá kọ́kọ́ fa aṣọ ìkélé yí ibùsùn ká, tí ó sì tẹríba díẹ̀ pé, “Ẹ pẹ̀lẹ́, bàbá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ jẹ́ kí a bá yín nu ara, kí ó lè fúyẹ́,” bàbá yóò fi ara sílẹ̀ fún un. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìwà pẹ̀lẹ́ nìkan nìyí. Ọ̀pọ̀ aláìsàn ni ó ti mu àgbo nílé kí wọ́n tó gbé e dé ilé-ìwòsàn, kì í sì í sọ, nítorí ó mọ̀ pé wọn yóò bú òun. Bẹ́ẹ̀ ni àgbo mìíràn lè bá oògùn dókítà jà nínú ara. Nọ́ọ̀sì tí a kò bẹ̀rù ni a ó sọ òtítọ́ fún, òtítọ́ yìí sì lè gba ẹ̀mí là.

A kò lè sọ̀rọ̀ òtítọ́ kí a má mẹ́nu kan èrú ìdánwò. Àwọn kan wà tí wọ́n rò pé kò sí ohun tí ó burú nínú kí ọmọ jí ìwé wò, kí ó sáà ti rí kírẹ́dìtì, nítorí pé inú ilé-ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì ni yóò ti kọ́ iṣẹ́ ní tòótọ́. Èrò yìí léwu púpọ̀. Ní agogo méjì òru, nígbà tí gbogbo wọ́ọ̀dù ti sùn, nọ́ọ̀sì nìkan ni yóò wà pẹ̀lú ìwé tí ó yẹ kí ó kọ ìgbóná ara, lílù iṣan àti mímí aláìsàn sí. Ó rọrùn kí ó kọ iye tí ó jọ ti àṣálẹ́ síbẹ̀, kí ó má sì jí ẹnikẹ́ni. Ẹni tí ó ti kọ́ láti kọ ohun tí kò mọ̀ sínú ìwé ìdánwò, kí ni yóò dí i lọ́wọ́? Florence Nightingale, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó lọ tọ́jú àwọn ọmọ-ogun ní Scutari ní ọdún 1854, kò fi fìtílà nìkan ṣiṣẹ́ bí ìtàn ti fẹ́ràn láti máa wí. Ìwé àkọsílẹ̀ iye àwọn tí ó kú àti ohun tí ó pa wọ́n ni ó fi hàn fún ìjọba pé àrùn ń pa ọmọ-ogun ju ọgbẹ́ lọ. Bí iye tí ó kọ bá jẹ́ irọ́, kò sí ẹni tí ì bá ti ipasẹ̀ rẹ̀ rí ìgbàlà. Ọdún 1860 ni a dá ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ilé-ìwòsàn St Thomas’ ní Lọ́ńdọ̀nù.

Ilé-ẹ̀kọ́ yìí kan náà ni Kofowórọlá Pratt wọ̀ ní ọdún 1946. Iṣẹ́ nọ́ọ̀sì ni ó ti wù ú láti kékeré, ṣùgbọ́n bàbá rẹ̀ kò fẹ́, ó sì kọ́kọ́ ṣe iṣẹ́ olùkọ́. Ìgbà tí ó ti di ìyàwó ilé ni ó tó rí ohun tí ó ń wá. Òun ni ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tí ó di màtírọ́nù ní ilé-ìwòsàn UCH ní Ìbàdàn, ní àwọn ọdún 1960, a sì fi àmì-ẹ̀yẹ Florence Nightingale dá a lọ́lá ní ọdún 1973. Àwọn òbí tí ń wí títí di òní pé iṣẹ́ gbígbé póò ni iṣẹ́ nọ́ọ̀sì, àti àwọn ọmọkùnrin tí ojú ń tì láti sọ pé ó wù wọ́n, ì bá dára kí wọ́n gbọ́ ìtàn obìnrin yìí.

Àwọn mìíràn ń fojú sọ́nà fún òkè-òkun. Ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà, irú nọ́ọ̀sì kan wà tí wọ́n ń pè ní LPN, tí ẹ̀kọ́ rẹ̀ kò ju nǹkan bí ọdún kan lọ, tí ó sì ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ nọ́ọ̀sì àgbà tàbí dókítà. Àwọn ọmọ Yorùbá tí ó ti gba ọ̀nà yìí níbẹ̀ kò kéré, lọ́kùnrin lóbìnrin, àwọn mìíràn pẹ̀lú ọmọ nílé àti iṣẹ́ òru lọ́rùn. Kúkúrú àkókò náà ni ó ń tan ènìyàn jẹ. Ẹni tí ó bá pàdánù ọ̀sẹ̀ méjì nínú ọdún kan ti pàdánù púpọ̀. Orí kọ̀ǹpútà ni ìdánwò ìjọba rẹ̀ wà. Láti ọdún 2023, iye ìbéèrè rẹ̀ kì í dín ní 85, kì í sì í ju 150 lọ. Ìbéèrè tí ó wọ́pọ̀ nínú rẹ̀ ni pé nínú aláìsàn mẹ́rin, ta ni kí a kọ́kọ́ lọ bá? Ẹni tí kò lè mí dáadáa ni, kì í ṣe ẹni tí ń pariwo jù. Àánú nìkan ì bá ti sáré lọ bá aláriwo.

Ní ti ẹrù tí a ó dì, kò pọ̀: bàtà pẹlẹbẹ tí kì í dún nílẹ̀, àti aago tí ó ní ọwọ́ ìṣẹ́jú-àáyá, nítorí pé a kò lè ka lílù iṣan láìsí i. Ṣùgbọ́n ohun kan wà tí a kò lè fi dúró di ọjọ́ ìkẹyìn, èyí ni abẹ́rẹ́ àjẹsára tí ń dènà hepatitis B, àrùn ẹ̀dọ̀ tí ń bá ẹ̀jẹ̀ rìn, tí ó sì lè ti ojú abẹ́rẹ́ ran nọ́ọ̀sì. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni a ń gbà á: èkejì lẹ́yìn oṣù kan, ẹ̀kẹta ní oṣù kẹfà sí ti àkọ́kọ́. Ẹni tí ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ yóò bá wọlé ní oṣù kẹwàá, oṣù kẹrin ni ó ti yẹ kí ó na apá fún ti àkọ́kọ́.