Ẹni Tó Bá Ń Lọ sí Etíkun Ìlàjẹ, Kó Mú Owó Ẹní Dání

Bí ìjọba bá ti kéde ọlidé ọlọ́jọ́ mẹ́ta, ìbéèrè kan náà ni àwọn ọ̀rẹ́ mi ní Àkúrẹ́ máa ń bi ara wọn: níbo la ó gbé àwọn ọmọ lọ? Ẹni tí àpò rẹ̀ kún yóò dárúkọ Dubai. Ẹni tí àpò rẹ̀ kò kún tó bẹ́ẹ̀ yóò ní ká lọ sí Èkó, tàbí ká lọ gun Olúmọ ní Abẹ́òkúta. Ẹni tó bá sì fẹ́ fi hàn wá pé ojúlówó ọmọ ìpínlẹ̀ Oǹdó ni òun yóò ní Òkè Ìdànrè, ọ̀rọ̀ á sì bùṣe. Ní gbogbo ọdún tí mo ti ń gbọ́ irú àríyànjiyàn yìí, n kò tíì gbọ́ kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Zion Pepe, tàbí ìlú kankan mìíràn ní etíkun Ìlàjẹ.

N kò bá Ìdànrè jà o. Àtẹ̀gùn tó lé ní 600 tó gun òkè náà, àti ààfin àtijọ́ tó wà lókè, níbi tí àwọn baba ńlá wọn gbé kí wọ́n tó sọ̀kalẹ̀ wá tẹ ìlú tuntun dó, ohun àmúyangàn ni. Láti ọdún 2007 ni orúkọ rẹ̀ ti wà nínú ìwé àwọn ibi tí Nàìjíríà fẹ́ kí àjọ UNESCO kà mọ́ ogún àgbáyé. Ṣùgbọ́n ìpínlẹ̀ wa kì í ṣe òkúta nìkan. Ó bẹ̀rẹ̀ láti orí àwọn òkè Àkókó ní àríwá, ó sì lọ parí sínú òkun Àtìláńtíìkì ní gúúsù. Ọ̀pọ̀ nínú àwa ará òkè ló ti fi ẹsẹ̀ tẹ yanrìn òkun ní Kútọnu kí wọ́n tó rántí pé àwọn ní òkun tiwọn nílé.

Èmi náà wà lára wọn. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn ni mo ṣe fún ọdún púpọ̀, mo sì ti kọ orúkọ Ìlàjẹ sínú ìròyìn ní àìmọye ìgbà kí n tó wọ ọkọ̀ ojú omi ní Igbókòdá lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìròyìn epo rọ̀bì tó dà sójú omi ni, tàbí ti ìjà, tàbí ti òkun tó ya wọ ilé. Láti ìgbà tí ọ̀rọ̀ àwọn ará Ìlàjẹ àti iléeṣẹ́ Chevron lórí pèpéle epo Parabe ní oṣù Karùn-ún ọdún 1998 ti gbé orúkọ wọn dé etígbọ̀ọ́ ayé, wàhálà ni àwa oníròyìn ń wá lọ síbẹ̀. A kì í wá ọjà lọ. Ọ̀rọ̀ ọjà ni mo sì fẹ́ sọ lónìí.

Ẹni tó bá ti Àkúrẹ́ gbéra yóò gba Oǹdó kọjá, yóò gba Ọ̀rẹ̀ àti Òkìtìpupa, kó tó dé Igbókòdá tí í ṣe olú ìlú ìjọba ìbílẹ̀ Ìlàjẹ. Imú ni yóò kọ́kọ́ sọ fún un pé ó ti dé. Òórùn edé gbígbẹ àti ẹja yíyan ni yóò pàdé rẹ̀ lọ́nà èbúté. Èyí tó máa ń dá mi dúró jù níbẹ̀ ni púpúrú. Ẹ̀gẹ́ ni wọ́n fi ń ṣe é. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú omi títí yóò fi rọ̀, wọ́n á fún omi rẹ̀ dànù, wọ́n á ṣa okùn inú rẹ̀ kúrò, wọ́n á mọ ọ́n róbótó bíi bọ́ọ̀lù, wọ́n á sì tò ó sókè iná. Èéfín yóò sọ ẹ̀yìn rẹ̀ di dúdú, inú rẹ̀ yóò sì funfun. Nígbà tí wọ́n bá fẹ́ jẹ ẹ́, wọ́n á ha dúdú ẹ̀yìn yẹn kúrò, wọ́n á gún un, wọ́n á jọ̀ ọ́, wọ́n á rò ó bí ẹni ń ro àmàlà. Ẹni tó kọ́kọ́ gbèrò rẹ̀ mọ ohun tó ń ṣe: níbi tí omi yí ilé ká, tí gbogbo nǹkan ń rin, èéfín ni kì í jẹ́ kí oúnjẹ bàjẹ́.

Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ń ṣe ẹja. Lóde òní, kì í tilẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ àṣà nìkan mọ́, nítorí ó ju ọdún mẹ́wàá lọ tí ọ̀pọ̀ ìlú ní gúúsù ìpínlẹ̀ wa fi wà láìsí iná mànàmáná ìjọba. Apẹja tó bá pa ẹja púpọ̀ lóru kò rí ẹ̀rọ amómitutù tí yóò kó o sí. Kó yára tà á lówó pọ́ọ́kú fún alárọ́bọ̀ tó ti Èkó wá, tàbí kí ìyàwó rẹ̀ kó o sórí iná kí ilẹ̀ tó mọ́. Ẹja yíyan tí a ń rà ní Àkúrẹ́ lówó gọbọi, ẹni tó yan án kọ́ ló jèrè rẹ̀.

Láti Igbókòdá, omi ló kù. Bí ọkọ̀ bá ti jìnnà sí èbúté díẹ̀, odò á fẹ̀, igi tí gbòǹgbò wọn dúró lórí omi bí ẹsẹ̀ akàn á wà ní ọ̀tún àti òsì, àwọn ọmọdé tí wọn kò tíì tó lọ sí ilé ìwé gíga á máa fúnra wọn wa ọkọ̀ kékeré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín bí ọmọ tiwa ti ń gun kẹ̀kẹ́. Orí òpó ni ọ̀pọ̀ ilé wà. Afárá onípákó ló so ilé mọ́ ilé, ẹni tí kò mọ̀ ọ́n rìn yóò kọ́ ọ lójú ẹsẹ̀.

Ní Zion Pepe, mo bá ìyá àgbàlagbà kan níbi tó ti ń hun ẹní lẹ́yìn ilé. Koríko tó ń hù nínú àbàtà ni wọ́n fi ń hun ún. Wọ́n á gé e, wọ́n á sá a sóòrùn, wọ́n á pa díẹ̀ láró nínú rẹ̀ kí ọnà ara ẹní náà lè yọ. Ìka ọwọ́ ìyá yìí ń sáré, kò sì wo ohun tó ń ṣe. Èmi ni mò ń wò ó. Mo ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, màmá." Ó dáhùn, ó sì bi mí bóyá ọmọ ìjọ ni mí tàbí òṣìṣẹ́ ìjọba. Nígbà tí mo sọ fún un pé n kì í ṣe ọ̀kankan nínú méjèèjì, pé mo kàn wá wo ìlú ni, ó dáwọ́ iṣẹ́ dúró. "Wá wo kí ni, ọmọ mi?"

Iye tó pè fún ẹní kan, tó fi ọjọ́ mélòó kan hun, kò tó owó tí mo fi ra ìpápánu fún àwọn ọmọ mi ní Ọ̀rẹ̀. Mo ná an díẹ̀ ṣá, torí n kò fẹ́ kó rò pé mo wá fi owó halẹ̀ mọ́ òun. Ẹní méjì ni mo rà.

Ìdí wà tó fi béèrè ọ̀rọ̀ ìjọ lọ́wọ́ mi. Orúkọ Zion tó wà lára ìlú kì í ṣe ẹ̀ṣọ́ ní etíkun yìí. Àwọn ìjọ Kérúbù àti Séráfù ló tẹ ọ̀pọ̀ ìlú bẹ́ẹ̀ dó láti àwọn ọdún 1940 wá. Ẹ wá wo bí ọ̀nà ti gùn tó: Mósè Orímọládé tó dá ẹgbẹ́ náà sílẹ̀ ní Èkó lọ́dún 1925, ọmọ Ìkàrẹ́ ní Àkókó ni. Ọmọ orí òkè ló tanná àdúrà tó jó dé ẹnu òkun. Ayétòrò ni a mọ̀ jù nínú irú ìlú wọ̀nyí. Ọdún 1947 ni àwọn tó ń pe ara wọn ní Àpọ́sítélì Mímọ́ tẹ̀ ẹ́ dó, lẹ́yìn tí wọ́n ti takò pípa ìbejì, tí wọ́n sì rí inúnibíni. Kò sí tèmi-tìrẹ láàárín wọn. Àpapọ̀ ni iṣẹ́, àpapọ̀ ni èrè. Wọ́n ń kan ọkọ̀, wọ́n ń hun aṣọ, wọ́n ń ṣe bàtà àti búrẹ́dì, wọ́n sì ní iná mànàmáná tiwọn nígbà tí ọ̀pọ̀ ìlú ńlá kò tíì mọ̀ ọ́n. Stanley Barrett, onímọ̀ ará Kánádà, gbé odindi ìwé jáde nípa wọn lọ́dún 1977, ó kàn fi orúkọ mìíràn bo ìlú náà ni. Mélòó nínú àwọn ọmọ wa tó wà ní ilé ìwé girama ní Àkúrẹ́ ló ti gbọ́ ìtàn yìí rí?

Apá tó pọ̀ nínú Ayétòrò tí Barrett rí ti wà lábẹ́ omi báyìí. Ilé, ilé ìwé, ibi iṣẹ́, itẹ́ òkú: òkun ti kó wọn lọ. Ọdún 2004 ni àjọ NDDC gbé iṣẹ́ odi tí yóò dá omi dúró jáde. Ogún ọdún kọjá, òkun ṣì ń wọlé.

Ibí yìí ni ọ̀rọ̀ ti le. Ṣé ká máa kó ara wa lọ wo ìlú tó ń rì bí ẹni lọ wo sinimá? Mo ti rí àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n gbé fóònù sókè níwájú ògiri tó kù díẹ̀ kó wó, tí wọ́n ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ní orílẹ̀-èdè Benin, Ganvié tó wà lórí omi Nokoué ti di ibi tí àwọn òyìnbó ń wọ ọkọ̀ láti Abomey-Calavi lọ wò lójoojúmọ́, ẹni tó bá sì débẹ̀ yóò rí àwọn obìnrin tó ń fi akẹtẹ̀ bo ojú nígbà tí wọ́n bá rí kámẹ́rà. N kò dá wọn lẹ́bi. Ẹni tí wọ́n ń wò lásán, tí wọn kò ra nǹkan kan lọ́wọ́ rẹ̀, kí ni tirẹ̀ nínú ìwòran náà?

Nítorí náà, ẹni tó bá ń lọ, kó máa lọ gẹ́gẹ́ bí oníbàárà. Kó sanwó ọkọ̀ fún ọmọ ìlú, kó sì béèrè jákẹ́ẹ̀tì agbẹ̀mílà kó tó jókòó. Kó jẹ púpúrú wọn. Kó ra edé lọ́wọ́ ẹni tó sá a. Kó tọrọ àyè kó tó ya fọ́tò. Kò pọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní kí ni ẹní méjì fẹ́ ṣe fún ìlú tí òkun ń jẹ. Kò lè mọ odi. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ohun tó ń bọ̀. Ọ̀nà ńlá etíkun láti Èkó dé Calabar, tó gùn tó 700 kìlómítà, tí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ lórí rẹ̀ lọ́dún 2024, yóò gba ìpínlẹ̀ wa kọjá. Inú ìjọba ń dùn, inú èmi náà dùn díẹ̀. Ṣùgbọ́n mo rántí Màrókò tí wọ́n wó ní Èkó ní oṣù Keje ọdún 1990, mo sì rántí Otodo Gbame tí wọ́n lé àwọn apẹja ibẹ̀ kúrò lọ́dún 2017. Ibi tí omi bá ti dára wò, tí ọ̀nà bá sì ti débẹ̀, àwọn olówó kì í pẹ́ dé, àwọn tó ń wọn ilẹ̀ ló sì ń ṣáájú wọn. Nígbà tí wọ́n wó Màrókò, ta ni nínú wa lókè yìí ló mọ ẹnì kan níbẹ̀ tí ì bá fi pariwo? Bí ọ̀nà yìí bá dé etíkun Ìlàjẹ kí àwa ará Àkúrẹ́, Ọ̀wọ̀ àti Ìkàrẹ́ tó mọ àwọn tó ń gbé ibẹ̀, òtẹ́ẹ̀lì ni a ó lọ sùn sí lórí ilẹ̀ wọn, a kò sì ní mọ ẹni tí a ń béèrè. Iṣẹ́ tí mo fẹ́ kí ìjọba kọ́kọ́ ṣe kò tó ilé ìgbafẹ́: èbúté tó dúró dáadáa, iná, omi mímu, àti ìwé ilẹ̀ fún àwọn tó ti wà níbẹ̀ láti ìgbà baba wọn.

Ọ̀kan nínú ẹní mi ti já ní ẹ̀gbẹ́, àwọn ọmọ ti fi ṣeré jù. Bí ẹ̀ẹ̀rùn bá dé, mo ń padà lọ, màá sì mú wọn dání lọ́tẹ̀ yìí. Bí ìyá náà bá ti ṣí sẹ́yìn nítorí omi, a ó béèrè ilé rẹ̀ tuntun. Èyí tó tóbi ju ti àkọ́kọ́ lọ ni mo fẹ́ kó hun fún mi.