Ta Ló Fi Àwọn Oníbodè Lẹ́tà Jẹ Adájọ́?

Awakọ̀ tó bá ti gba Ìdí-Ìrókò kọjá rí mọ ìyà bodè. Bí mọ́tò kan bá kó ẹrù fàyàwọ́ kọjá lánàá, gbogbo mọ́tò tó bá jọ ọ́ ni wọ́n máa dá dúró lónìí. Ẹni tó kó gàrí àti ẹni tó kó ìbọn, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú ẹni tó wà lẹ́nu bodè. Irú rẹ̀ gan-an ló ń ṣẹlẹ̀ sí lẹ́tà orí kọ̀ǹpútà tí à ń pè ní ímeèlì. Ọ̀rọ̀ náà kan ẹgbẹ́ wa, nítorí pé ìwé ìpàdé, ọ̀rọ̀ owó ìfẹ̀yìntì àti ìwé ìpeni-síṣẹ́ ti ń gba ibẹ̀ kọjá báyìí.

Gbogbo ẹ̀rọ tó ń fi ímeèlì ránṣẹ́ ló ní nọ́ńbà, bíi nọ́ńbà ara mọ́tò. Bí lẹ́tà bá dé ẹnu ọ̀nà ilé-iṣẹ́ tó fẹ́ gbà á, ẹ̀rọ ibẹ̀ á wo nọ́ńbà ẹni tó gbé e wá, á sì wò ó bóyá ó wà nínú ìwé orúkọ àwọn arúfin. Bó bá wà níbẹ̀, ó parí nìyẹn. Wọn kò ní ṣí lẹ́tà náà wò rárá. Ọdún 1997 ni Paul Vixie bẹ̀rẹ̀ irú ìwé bẹ́ẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1998 ni Steve Linford dá Spamhaus sílẹ̀, òun sì ṣì wà títí di òní. N kò bá wọn jà lórí èyí. Láti 1978 tí ilé-iṣẹ́ kọ̀ǹpútà kan ti fi ìpolówó ọjà ránṣẹ́ sí bí 400 ènìyàn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo ni lẹ́tà pàǹtí ti ń pọ̀ sí i. Bí kò bá sí aṣọ́nà, àpótí lẹ́tà ẹnikẹ́ni kò ní ṣeé ṣí.

Ibi tí ó ti wọ́ ni pé ọ̀pọ̀ nọ́ńbà kì í ṣe ti ẹnì kan. Ilé-iṣẹ́ kékeré á háyà àyè lára ẹ̀rọ ńlá, òun àti ọgọ́rùn-ún mìíràn á sì jọ máa lo nọ́ńbà kan. Ẹlòmíràn á gba nọ́ńbà tuntun, kò mọ̀ pé ẹni tó lò ó kẹ́yìn ti bà á jẹ́. Nígbà mìíràn wọ́n á dí odindi àdúgbò, 256 nọ́ńbà papọ̀. Ti orílẹ̀-èdè náà wà níbẹ̀: ní àkókò kan, ìwé kan wà tó ń jẹ́ nigeria.blackholes.us. Kò ní iṣẹ́ mìíràn ju kó sọ pé Nàìjíríà ni nọ́ńbà yìí ti wá, kí ẹni tó bá fẹ́ lè ti ilẹ̀kùn. Nítorí àwọn ọmọ 419, olùkọ́ yunifásítì, oníṣòwò kòkó àti akọ̀wé ẹgbẹ́ òṣìṣẹ́ di ẹlẹ́ṣẹ̀ kan náà. Èyí dùn mí ju gbogbo ìyókù lọ.

Àwọn òyìnbó náà jẹ nínú ìyà yìí. Ní ìparí ọdún 2004, Verizon ní Amẹ́ríkà ti ilẹ̀kùn mọ́ lẹ́tà láti ọ̀pọ̀ ibi ní Yúróòpù. Àwọn tó ń san owó fún un lóṣooṣù kò rí lẹ́tà wọn gbà. Wọ́n pè é lẹ́jọ́ ní 2005, ní 2006 ó sì gbà láti san owó díẹ̀ fún wọn. Èyí tó pani lẹ́rìn-ín ni ti ìwé kan tó ń jẹ́ ORDB. Ó kógbá wọlé ní oṣù Kejìlá 2006, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ àwọn ilé-iṣẹ́ kan ṣì ń lọ béèrè ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó di oṣù Kẹta 2008, ó bẹ̀rẹ̀ sí dáhùn pé gbogbo nọ́ńbà tó wà láyé ni arúfin. Ni àwọn ilé-iṣẹ́ yẹn bá ń dá gbogbo lẹ́tà padà. Ẹ ò rí nǹkan, òkú ló ń ṣọ́ bodè!

Òṣìṣẹ́ bíi tiwa ni ìyà rẹ̀ ń jẹ. Ẹni tó ń bójú tó ẹ̀rọ lẹ́tà ní ilé-iṣẹ́ kékeré ni ọ̀gá máa jí lóru pé lẹ́tà kò dé. Á wádìí, á rí i pé ẹ̀rọ tirẹ̀ kò ní àbùkù, ilé-iṣẹ́ ńlá kan ló dí ọ̀nà. Á kọ̀wé sí wọn, ẹ̀rọ ni yóò dá a lóhùn. Á kọ fọ́ọ̀mù, wọ́n á ní àwọn ti gbọ́, ó tán. Á tẹ fóònù, ọmọ tó gbé e kò mọ ohun tó ń jẹ́ nọ́ńbà ẹ̀rọ. Bẹ́ẹ̀ ìlànà wà nílẹ̀ tí àwọn onímọ̀ jọ kọ, tí wọ́n tún kọ ní 2008: ilé-iṣẹ́ tó ń gba lẹ́tà gbọ́dọ̀ ní àdírẹ́ẹ̀sì tí à ń pè ní postmaster, kí ènìyàn lè kọ̀wé síbẹ̀ bí nǹkan bá bàjẹ́. Ẹni tó bá sì ti gba lẹ́tà wọlé, ẹrù rẹ̀ ni. Kó fi jíṣẹ́, tàbí kó sọ fún ẹni tó fi í ránṣẹ́ pé kò ṣeé ṣe. Síbẹ̀ àwọn kan á gbà á, wọ́n á jù ú nù, wọ́n á sì dákẹ́. Ẹni tó kọ̀wé rò pé ó ti dé. Ẹni tí à ń retí ní ibi ìdánwò iṣẹ́ jókòó sílé, ó ní wọn kò pe òun.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ lásán ni, kó gbọ́ ti Kánádà. Ní oṣù Keje 2005, nígbà tí ìjà wà láàrin Telus, ilé-iṣẹ́ tẹlifóònù, àti ẹgbẹ́ àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀, Telus dí ojú ìwé íntánẹ́ẹ̀tì tí àwọn alátìlẹ́yìn òṣìṣẹ́ ń kọ sí, kí àwọn oníbàárà rẹ̀ má bàa rí i. Ojú ìwé tó ju 700 lọ, tí wọ́n jọ ń lo nọ́ńbà kan náà, bá a lọ. Wọn kò mọ ohunkóhun nípa ìjà náà. Ọjọ́ díẹ̀ kọjá kí wọ́n tó ṣí i. Ní oṣù Kẹrin 2006 ni ti AOL. Àwọn ẹgbẹ́ kan ń bá a jà lórí ètò pé kí olùfilẹ́tà-ránṣẹ́ máa sanwó kí lẹ́tà rẹ̀ lè wọlé láìsí ìdíwọ́. Lẹ́tà tó bá dárúkọ ojú ìwé wọn, dearaol.com, bẹ̀rẹ̀ sí padà sẹ́yìn. AOL ní àṣìṣe ẹ̀rọ ni, àwọn mìíràn náà fara gbá a. Ó lè rí bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní kọ́kọ́rọ́ ilẹ̀kùn ló ń wí i, ta ló máa yẹ̀ ẹ́ wò?

Ohun tí à ń béèrè kò kọjá agbára wọn. Láti oṣù Kejì 2024, Google ti ní kí ẹni tó bá ń fi tó 5,000 lẹ́tà ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà òun lóòjọ́ máa fi ẹ̀rí hàn pé òun ló ni orúkọ tó ń lò. Yahoo náà gbé irú òfin bẹ́ẹ̀ jáde. Ó le fún àwọn kékeré, ṣùgbọ́n wọ́n kọ ọ́ síta, gbogbo ènìyàn rí i kà. Ó ku kí ènìyàn ẹlẹ́ran ara wà tí yóò dá ẹlẹ́jọ́ lóhùn, kí wọ́n sì sọ ẹ̀ṣẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá dí mọ́, àti ọjọ́ tí wọn yóò ṣí i fún un. Láàrin ilé-iṣẹ́ wa pàápàá, wọn kì í dá ènìyàn dúró lẹ́nu iṣẹ́ láìfún un ní ìwé ẹ̀sùn. Ẹgbẹ́ ló jà fún ìyẹn.

Títí dìgbà náà, kí ìgbìmọ̀ ẹ̀ka má fi ímeèlì nìkan pe ìpàdé. Kí ìwé wà lára pátákó kántíìnì àti ní gáréèjì. Ẹni tí lẹ́tà rẹ̀ bá padà wá, kó má pa á rẹ́. Nọ́ńbà kan wà nínú rẹ̀, 550 lọ́pọ̀ ìgbà, àti ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Ibẹ̀ ni a ti lè mọ ẹni tó ti ilẹ̀kùn. Kó tẹ̀ ẹ́ jáde, kó mú un wá bá akọ̀wé ní ọ́fíìsì ẹ̀ka.