Dúútì yàtọ̀ sí ojúṣe o

1/ Nọ́ọ̀sì ni màmá mi. Tí wọ́n bá ti délé, wọ́n á ní, "Mo ti parí dúútì tèmi." Dúútì ní aago: tó bá tó àkókò, ẹlòmíì á gbà á lọ́wọ́ ẹ.

2/ Ojúṣe ò ní aago. Èmi àkọ́bí ni wọ́n ń pè tí owó ilé-ìwé àbúrò bá délẹ̀. Ta ló fẹ́ gbà á lọ́wọ́ mi?

3/ Ẹ tún wo "ẹ̀tọ́". Inú "tọ́" ló ti wá. Ohun tó tọ́ sí mi àti ohun tó tọ́ kí n ṣe, ọmọ ìyá ni wọ́n.

4/ Ẹ̀yin òbí wa, màá fi owó ránṣẹ́, ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Ó sì tọ́ kí ẹ bi mí bóyá mo ti jẹun. Ẹ̀yin àkọ́bí ẹgbẹ́ mi, ṣé mo parọ́?