ÀGBÀ TÍ ÈÉMÍ RẸ̀ Ń JÁ

Ẹ̀yin ará wa Mùsùlùmí, àti ẹ̀yin oníṣòwò Boundary, ẹ fetí sílẹ̀. Ní September 1918, ọkọ̀ òkun gbé àrùn lúkúlúkú wọ Èkó, ó sì pa àwọn géńdé lọ bẹẹrẹ. Kòrónà ti 2020 kò rí bẹ́ẹ̀: àwọn arúgbó ni ó dojú kọ, pàápàá ẹlẹ́jẹ̀ ríru àti onítọ̀ ṣúgà. Ṣùgbọ́n ìjáfara ni ó ń bí wa nínú jù. Èémí bàbá ń já, àwọn ọmọ ní ibà lásán ni, wọ́n ń bu àgbo fún un! Òògùn dexamethasone, tí ìdánwò June 2020 fi hàn pé ó ń gba ẹ̀mí aláìsàn tí ó ti ń fi oxygen mí, ilé ìwòsàn ni ibi rẹ̀. Kì í ṣe ohun tí a ń rà ní kẹ́míìsì fún ikọ́. Ànábì wa pàápàá ní kí a máa wá ìwòsàn. Ẹ má dúró kí ọjà tú kí ẹ tó gbé ìyá yín lọ.