Ajá àgbà tí olówó rẹ̀ ti lọ: ẹ má sọ ọ́ lókò, ẹ gbà á sílé

 

Ọ̀rọ̀ ajá ni mo gbé wá lónìí. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ẹ̀mí ọmọ ènìyàn wà nínú rẹ̀. Ajá àgbà ni mò ń wí, èyí tí irun ẹnu rẹ̀ ti funfun, tí olówó rẹ̀ ti kú, tàbí tó ti kó lọ sí Kútọnú tàbí sí Nàìjíríà, tó sì fi í sílẹ̀. Irú ajá bẹ́ẹ̀ kò ṣọ̀wọ́n lọ́dọ̀ wa. Ọdẹ tó ń mú un lọ sígbó di olóògbé, àwọn ọmọ pín ilẹ̀, wọ́n pín ìbọn, kò sẹ́ni tó pín ajá. Lọ́sàn-án, ìdí àwọn alápatà lọ́jà lẹ ó ti rí i. Lálẹ́, ẹnu ọ̀nà ilé tí wọ́n ti tì ló ń sùn sí.

Kí la máa ń ṣe sí i? Àwọn kan á sọ ọ́ lókò. Àwọn kan á pe ẹni tó ń ra ajá pa, wọ́n á gba owó díẹ̀. Àwọn mìíràn á kàn máa wò ó títí mọ́tò á fi gbá a. Èrò tèmi rèé: bí a bá mọ ajá náà, tí a mọ ilé tó ti wá, kí ilé kan láàárín wa gbà á, kí wọ́n sì rí i pé ó gba abẹ́rẹ́ dìgbòlugi. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ ìdí rẹ̀ kí ẹ tó dájọ́.

Dìgbòlugi yìí, bó bá ti fara hàn lára ènìyàn, tónítọ̀hún bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀rù omi, tí kò lè gbé itọ́ mì, ikú ló máa ń já sí. Nínú 100 ènìyàn tó kó o, nǹkan bí 99 ló jẹ́ pé ọ̀dọ̀ ajá ni wọ́n ti kó o. Àjọ Ìlera Àgbáyé sì sọ pé nínú 100 ènìyàn tí ẹranko tí a fura sí bù jẹ, 40 ni ọmọ tí kò tíì pé ọdún 15. Àwọn ọmọ tí a ń rán lọ ra ẹ̀kọ láàárọ̀ nìyẹn.

Báwo la ṣe ń dá a dúró? Bí 70 nínú 100 ajá ìlú kan bá gba abẹ́rẹ́ àjẹsára, àrùn náà kì í rọ́nà gbà láti ara ajá kan bọ́ sára òmíràn mọ́. Ẹ wo ọgbà tí a fi igi ṣe yí oko ẹ̀gẹ́ ká. Ajá kọ̀ọ̀kan tó gba abẹ́rẹ́, igi kan ni nínú ọgbà náà. Bí ẹ bá pa ajá àgbà tó ti gba abẹ́rẹ́, ẹ fa igi kan yọ nìyẹn. Tó bá di oṣù kejì, tí olè bá wọlé, ẹ ó lọ ra ọmọ ajá lọ́jà, tí kò sẹ́ni tó mọ ìyá rẹ̀, tí kò sì gba abẹ́rẹ́ kankan rí. Àlàfo ti ṣí nínú ọgbà. Ìdí nìyí tí pípa ajá nípakúpa kì í fi í lé dìgbòlugi lọ nílùú: bí a ṣe ń pa ti àtijọ́, bẹ́ẹ̀ la ń kó tuntun tí kò ní ààbò wọlé.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa wí.

Wọ́n á ní, "Ajá àgbà ò wúlò mọ́." Ta ló wí bẹ́ẹ̀? Lóòótọ́, kò lè lé òkété mọ́. Ṣùgbọ́n ẹnu lajá fi ń ṣọ́lé, kì í ṣe ẹsẹ̀. Ó ti mọ ìṣe ènìyàn, ó ti mọ adìyẹ ilé, kò ní máa jẹ bàtà bí ọmọ ajá. Ìwà rẹ̀ ti hàn sí gbogbo àdúgbò, rere tàbí búburú. Ọmọ ajá tí ẹ rà, ìwà tó máa hù lọ́la, ta ló mọ̀ ọ́n?

Wọ́n á ní, "Oúnjẹ ènìyàn gan-an kò tó." Òótọ́ ọ̀rọ̀ nìyí, n kò ní jà á níyàn. Ilé tí ebi ń pa, kò pọn dandan kó gba ajá. Ṣùgbọ́n ajá àgbà kì í jẹun tó ajá tó ń dàgbà. Ìyókù ọkà àgbàdo àti orí ẹja tí a sè rọ̀, ó ti tó o. Ẹgbẹ́ olùgbọ́ náà sì lè pín in ṣe: kí ilé kan máa fún un lóúnjẹ, kí àwọn yòókù dá owó abẹ́rẹ́ rẹ̀.

Wọ́n á ní, "Ṣé a ò lè tà á fún ẹni tó ń pa ajá ni?" N kò bá ẹnikẹ́ni jà lórí oúnjẹ rẹ̀, n kò sì bá ẹni tó ń bọ Ògún jà. Ohun tí mò ń wí ni pé ajá tó ń rìn gbéregbère, tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó bù ú jẹ lánàá, ewu ni fún ẹni tó ń pa á. Bí ọwọ́ onítọ̀hún bá ní egbò, itọ́ ajá náà tàbí ọpọlọ rẹ̀ lè ko dìgbòlugi ràn án. Owó tí ẹ gbà kò tó ìyẹn.

Ó dáa. Ẹni tó bá fẹ́ gbà á, kí ló máa ṣe?

Kó kọ́kọ́ wádìí. Ta ló ni ín? Ṣé ó ti bu ènìyàn jẹ rí? Ṣé ìwé abẹ́rẹ́ rẹ̀ wà? Ẹ bi àwọn ọmọ olóògbé, ẹ bi ará ilé kejì. Ajá tí ìwà rẹ̀ ṣàdédé yí padà, tí ohùn rẹ̀ yí, tó ń ta gọ̀ọ́gọ̀ọ́, tí itọ́ ń dà lẹ́nu rẹ̀, ẹ má fọwọ́ kàn án. Ẹ pe dókítà ẹranko. Dìgbòlugi kan wà tí kì í pariwo: ajá á kàn dákẹ́ síbì kan, kò ní lè gbé omi mì. Ẹ má rò pé ọjọ́ ogbó ló ń ṣe é.

Lẹ́yìn náà, abẹ́rẹ́. Bí ìwé kò bá sí, ẹ kà á sí pé kò gbà á rí. Abẹ́rẹ́ náà kì í ṣiṣẹ́ lọ́jọ́ kan. Ẹ so ajá náà sínú ọgbà fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, ẹ má jẹ́ káwọn ọmọ bá a ṣeré. Ọjọ́ 28 oṣù kẹsàn-án ni ọjọ́ dìgbòlugi lágbàáyé lọ́dọọdún. Ẹ béèrè ní mérì yín bóyá wọ́n máa gún ajá lábẹ́rẹ́ láyìíká ọjọ́ yẹn, àti iye tó jẹ́. Ẹ rántí pé abẹ́rẹ́ tí wọ́n ń gún ènìyàn tí ajá bù jẹ kì í ṣe ẹyọ kan, owó rẹ̀ sì ju ti ajá lọ fíìfíì.

Lẹ́yìn èyí, ẹ mọ̀ pé àgbà ni. Ojú rẹ̀ lè ti ṣú, etí rẹ̀ lè ti di. Bí ọmọdé bá ṣàdédé fọwọ́ kàn án lójú oorun, ẹ̀rù lè mú un bu ọmọ náà jẹ. Ẹ kọ́ àwọn ọmọ láti fẹsẹ̀ kilẹ̀ kí wọ́n tó sún mọ́ ọn. Ara rẹ̀ á gbọ́ ìró ilẹ̀. Bó bá ń tiro, ẹ má fún un ní paracetamol tàbí ibuprofen tí ẹ rà lójú ọjà. Oògùn ènìyàn lè pa ajá. Ẹ má fún un ní egungun adìyẹ tí a ti sè, ó máa ń fọ́ sí ṣóńṣó, á sì gún un nínú.

Bí ajá bá sì bu ènìyàn jẹ, ajá yòówù, ìbáà ti gba abẹ́rẹ́: ẹ fi ọṣẹ àti omi tó ń ṣàn fọ ojú egbò náà fún ìṣẹ́jú 15. Ẹ má fi ata sí i, ẹ má fi epo sí i. Ẹ lọ sílé ìwòsàn lọ́jọ́ náà. Ẹ má pa ajá náà; bó bá ṣeé ṣe láìséwu, ẹ so ó mọ́lẹ̀, kí dókítà ẹranko máa wò ó fún ọjọ́ 10.

Àwọn baba wa ní, bí òkété bá dàgbà tán, ọmú ọmọ rẹ̀ ló ń mu. Ajá tó ṣọ́ ilé wa fún ọdún 10, ìdí ta ni kó sá sí?

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ olùgbọ́, kí a tó tún pàdé, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka iye ajá tó wà lábúlé yín. Mélòó ló ti gba abẹ́rẹ́ lọ́dún yìí? Mélòó ni kò ní olówó mọ́, ilé wo ló sì lè gba ọ̀kọ̀ọ̀kan? Bí ẹ bá rí i pé ẹ kò tíì tó 70 nínú 100, ẹ tètè rán ẹnìkan sí dókítà ẹranko.

Ó dàbọ̀ o. Kí ọjà ó tà.