Góńgó Ìlò Ọ́síjìn

Kò sí akẹ́kọ̀ọ́ tí yóò gba oyè másítà nínú ìmọ̀ ìṣiṣẹ́ ara lẹ́nu eré ìdárayá tí kò ní bá ìwọ̀n kan pàdé, èyí tí A. V. Hill àti Hartley Lupton kọ̀wé lé lórí ní ọdún 1923: bí eré sísá tilẹ̀ ń le sí i, ọ́síjìn tí ara ń lò a dé ibi tí kò ti lè pọ̀ sí i mọ́.

Ògbufọ̀ tí ó bá pe èyí ní “agbára ìmí” ti ṣìnà. Afẹ́fẹ́ tí à ń mí sínú ní ọ́síjìn bí ìdá 21 nínú 100. Èyí tí à ń mí síta ṣì ní bí ìdá 16 tàbí 17. Ìyàtọ̀ àárín méjèèjì ni ara lò, òun ni à ń wọ̀n. Ẹni tí ó ń mí gúlegúle lè má lo púpọ̀, nítorí ọkàn ni ó ń fi ẹ̀jẹ̀ gbé ọ́síjìn kiri, iṣan ni ó sì ń lò ó.

“Góńgó ìlò ọ́síjìn” ni ó tọ̀nà. Kì í ṣe àríyànjiyàn orí ìwé lásán: bí a bá ń sọ̀rọ̀ ìmí fún ẹni tí àrùn ọkàn ń ṣe, yóò rò pé ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀ nìkan ni à ń yẹ̀ wò.