Ṣé iná mọ́tò ló ń fa ìbàdí dídùn ni, àbí táyà?

Lẹ́tà kan ló wà níwájú mi yìí. Ìyá àgbà kan ló kọ ọ́ láti Ìkẹ́nnẹ́, tàbí kí n kúkú sọ pé ọmọ-ọmọ rẹ̀ ló bá a kọ ọ́. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó ń ṣiṣẹ́ l'Ékòó ra mọ́tò tó ń lo iná mànàmáná, èyí tí kì í mu bẹntiróò rárá, òun ló sì fi ń gbé ìyá lọ rí dókítà ní Ṣágámù. Ìyá ní lákọ̀ọ́kọ́, bíi pé òun jókòó sórí tìmùtìmù ni. Àmọ́ láti ìgbà tí ọmọ ti pààrọ̀ ẹsẹ̀ mọ́tò náà sí èyí tó tóbi, tó ń dán yanran, kò sí kòtò tí wọ́n bọ́ sí tí òun kì í mọ̀ nínú egungun ẹ̀yìn. Ọ̀kan nínú àwọn táyà tuntun náà tún ti wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ìbéèrè ìyá wá ni pé, "Ṣé kì í ṣe iná tí wọ́n tò sábẹ́ àga yẹn ló ń bá mi jà níbàdí?"

Rárá o, ìyá wa. Inú àpótí irin ni bátìrì náà wà lábẹ́ mọ́tò, kò bá ìbàdí ẹnikẹ́ni ṣe pọ̀. Táyà ni kí ẹ bi.

Láti ìgbà tí ìjọba ti yọ owó ìrànwọ́ orí epo lóṣù karùn-ún ọdún 2023 ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń wá mọ́tò tí kò ní jẹ́ kí wọ́n dúró nílé epo. Wọ́n ti ń tà wọ́n nílẹ̀ yìí tẹ́lẹ̀ náà, nítorí ọdún 2020 ni ilé-iṣẹ́ Stallion ti gbé Hyundai Kona oníná jáde fún aráyé rí. Ohun tí àwọn tó ń rà á kì í sábà bèèrè ni ìwọ̀n rẹ̀. Kona oníná tí bátìrì rẹ̀ tóbi jù nínú àwọn ti ìgbà náà wúwo tó kìló 1,685, bátìrì nìkan sì tó nǹkan bíi kìló 450. Ẹ rò ó wò, bí ẹni kó àgbàlagbà mẹ́fà sínú mọ́tò kí awakọ̀ tó wọlé ni. Orí táyà mẹ́rin péré ni gbogbo ẹrù yẹn sì wà.

Ẹ ní kí ọmọ yín bá yín ka ohun tó wà lára táyà. Ẹ jẹ́ ká ní 215/55 R17 lẹ rí níbẹ̀. Nọ́ńbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà, mílímítà 215. Èyí tó tẹ̀lé e ń sọ pé gíga ẹ̀gbẹ́ táyà, láti etí ríìmù dé ibi tó ń tẹ ilẹ̀, jẹ́ ìdá 55 nínú ọgọ́rùn-ún fífẹ̀ náà, ìyẹn bíi mílímítà 118. Ríìmù tó wà nínú rẹ̀ jẹ́ íǹṣì 17. Nígbà tí ọmọ ìyá wa lọ sọ́jà, 225/40 R19 ni wọ́n fún un. Ẹni tó tà á fún un ní gíga kan náà ni, kò sí ìyàtọ̀. Kò kúkú parọ́. Mo bá wọn ṣe ìṣirò ẹ̀, ìyàtọ̀ gíga táyà méjèèjì látòkè délẹ̀ kò tó mílímítà 6, sípídómítà kò lè mọ̀ ọ́n. Àmọ́ gíga ẹ̀gbẹ́ táyà ti já sí mílímítà 90. Ó dà bíi kí ẹnì kan gé fóòmù bẹ́ẹ̀dì yín kù, kó fi pákó dí àyè rẹ̀, kó wá ní ẹ má bínú o, bẹ́ẹ̀dì ò kúrò ní gíga tó wà. Ẹ̀yìn yín á mọ̀ ọ́n lóru ọjọ́ yẹn gan-an.

Afẹ́fẹ́ inú ẹ̀gbẹ́ táyà yẹn ni fóòmù mọ́tò. Tí ẹ̀gbẹ́ bá ga, tí táyà bá wọ kòtò, ó máa ń rún wá sílẹ̀, á sì gba díẹ̀ nínú ìyà náà. Tí ẹ̀gbẹ́ bá kúrú, etí kòtò á gbá ríìmù, ríìmù á gbé e fún ara mọ́tò, ara mọ́tò á gbé e fún àga, àga á wá gbé e fún ìbàdí ìyá. Àwọn ọ̀dọ́ lè fi ṣeré, àmọ́ ẹni tó ti lé ní àádọ́rin ọdún, tí omi oríkèé rẹ̀ ti ń dín kù, kò ní fara dà á láti Ìkẹ́nnẹ́ dé Ṣágámù. Ẹni tó bá sì mọ ọ̀nà wa ní Rẹ́mọ nígbà òjò mọ ohun tí mò ń wí. Àwọn tírélà tó ń kó sìmẹ́ǹtì ń tẹ títì mọ́lẹ̀, omi á wá bo kòtò mọ́lẹ̀ bí ẹni tẹ́ ẹní lé e lórí.

Ti táyà tó wú yẹn, ẹ má gùn ún mọ́, kódà kó jẹ́ dé ọjà Sábo lásán. Okùn inú rẹ̀ ló ti já nígbà tí ríìmù àti etí kòtò fún un láàárín. Kò sí fọkanáísà tó lè lẹ̀ ẹ́. Ẹ rántí James Ocholi, mínísítà kékeré fún iṣẹ́ àti ìgbanisíṣẹ́, tó kú pẹ̀lú ìyàwó àti ọmọ rẹ̀ lójú ọ̀nà Kaduna sí Abuja lóṣù kẹta ọdún 2016. Àjọ FRSC sọ pé táyà ló fọ́.

Nọ́ńbà kan tún wà lẹ́yìn 215/55 R17 tí àwọn ọlọ́jà kì í dárúkọ. Tí ẹ bá rí 94, ó túmọ̀ sí pé táyà kan ṣoṣo lè gbé kìló 670. Tó bá jẹ́ 89 ni, kìló 580 ni. Mọ́tò oníná kò gba kí ẹ bọ́ sílẹ̀ níbẹ̀ rárá. Èyí tó wà nínú ìwé mọ́tò tàbí lára bébà tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ẹnu ilẹ̀kùn awakọ̀ ni kí ẹ rà, tàbí èyí tó jù ú lọ. Bébà yẹn náà ló sọ iye afẹ́fẹ́ tí táyà ń fẹ́. Ẹ má jẹ́ kí fọkanáísà fi ojú wọ̀n ọ́n. Àárọ̀, kí mọ́tò tó rìn, ni kí ẹ wọ̀n ọ́n, nítorí táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ kéré, tí ẹrù rẹ̀ sì pọ̀, ń gbóná títí yóò fi fọ́.

Ríìmù náà ní tiẹ̀. Pé ihò nọ́ọ̀tì jẹ́ márùn-ún lára méjèèjì kò ní kó bára mu. Bí ihò kan ṣe jìnnà sí èkejì lè yàtọ̀, ihò àárín lè tóbi jù, ríìmù sì lè yọ síta tó bẹ́ẹ̀ tí táyà á máa ha ara mọ́tò. Bí ríìmù àti táyà bá sì ti tóbi, tí wọ́n sì wúwo sí i, iná inú bátìrì ń tètè tán ni. Àwọn tó ṣe mọ́tò fúnra wọn máa ń kọ ọ́ pé èyí tó ní ríìmù ńlá kì í rìn jìnnà tó èkejì rẹ̀. Ẹni tó ń bọ̀ láti Èkó, tó gbára lé iná NẸPA láti fi gba iná padà, kò gbọ́dọ̀ fi ọ̀rọ̀ yẹn ṣeré.

Lórí tòkunbọ̀, mi ò ní fọ̀rọ̀ gùn. Michelin ti kúrò ní Port Harcourt lọ́dún 2007, Dunlop náà dá iṣẹ́ táyà dúró n'Íkẹjà lọ́dún 2008, láti ìgbà náà la ti ń gbójú lé ti ẹlòmíràn. Òfin ti ka kíkó táyà àlòkù wọlé léèwọ̀, àmọ́ ojú wa náà ló ń rí wọn lẹ́bàá títì. Ẹ wá ibi tí wọ́n kọ DOT sí lára táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn níbẹ̀ ni ọjọ́ ìbí rẹ̀. Tó bá jẹ́ 2319, ọ̀sẹ̀ kẹtàlélógún ọdún 2019 ni wọ́n ṣe é, kò sí bí wọ́n ṣe fi ọṣẹ fọ̀ ọ́ tó, arúgbó ni.

Ẹ tún bá mi sọ fún fọkanáísà o: kó má kàn ki jáàkì bọ abẹ́ mọ́tò oníná. Bátìrì ló wà níbẹ̀. Àyè tí wọ́n ṣe fún jáàkì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n yàwòrán rẹ̀ sínú ìwé mọ́tò. Ọ̀pọ̀ wọn ni kò sì ní sípíà táyà, ẹ wo bùùtù kí ẹ tó jáde nílé.

Ní ti ìyá wa l'Íkẹ́nnẹ́, inú mi dùn sí ìlà tó gbẹ̀yìn lẹ́tà wọn. Ọmọ kò tíì ta ẹsẹ̀ mọ́tò àtijọ́, ẹ̀yìn ilé ló kó o sí, ewúrẹ́ sì ń sùn lórí rẹ̀. Kí ọmọ lé ewúrẹ́, kó wo ọjọ́ ìbí àwọn táyà náà àti bí eyín wọn ṣe kù sí. Eyín tí kò bá tó mílímítà 1.6 mọ́ ti di àpatì. Kó dá àwọn ríìmù íǹṣì 17 náà padà, bí táyà bá sì ti gbó, kó ra tuntun tó jẹ́ ìwọ̀n kan náà. Lẹ́yìn náà kó gbé ìyá rìn fún ọ̀sẹ̀ méjì. Bí ìbàdí bá ṣì ń dùn wọ́n, kí wọ́n sọ fún dókítà wọn ní Ṣágámù. Bí ẹsẹ̀ bá ń kú, tàbí tí ìtọ̀ kò bá ṣeé mú dúró mọ́, kí wọ́n má dúró de ọ̀sẹ̀ méjì kankan, ọjọ́ náà gan-an ni kí wọ́n gbé wọn lọ sí OOUTH.